Ibo Ni Mílífóltì 107 Gbà Lọ?

Ọ̀pọ̀ nínú yín ti bi mí rí pé kí ni ọmọ físíìsì ń wá kiri láàárín àwọn tí ń kẹ́kọ̀ọ́ èdè àti lítíréṣọ̀. Nígbà tí olóòtú ìwé wa ní kí èmi náà mú ọ̀rọ̀ wá lọ́dún yìí, mo sọ fún un pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ó wà lọ́wọ́ mi, ọ̀rọ̀ fóltì tí kì í dúró sí àyè rẹ̀. Mo rò pé yóò ní rárá. Ohun tí ó wí ni pé bí mo bá lè sọ ọ́ ní Yorùbá tí yóò yé ìyá òun, kí n kọ ọ́ wá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fara balẹ̀.

Iṣẹ́ àṣekágbá mi ni ó bí ọ̀rọ̀ náà. Mo fẹ́ mọ iye iná tí sólà kan ń mú jáde, mo sì fẹ́ mọ bí oòrùn ṣe mú tó ní àkókò náà gan-an. Ẹni tí ó bá ti dúró níta lóṣù kẹfà mọ̀ pé kí a tó ṣẹ́jú pẹ́, ìkúukùu ti bo ojú oòrùn, ó sì ti tún ṣí i. Míítà kan ṣoṣo ni mo ní. Kí n tó ka ti oòrùn tán kí n tó bọ́ sí ti sólà, oòrùn tí mo kà ti di oòrùn àná. Nọ́ḿbà méjì tí kò ti inú àkókò kan náà wá kò ṣe é fi wéra.

Sákíìtì kan wà tí a ṣe nítorí irú ìṣòro yìí. Sample-and-hold ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè é. Èmi ń pè é ní agbàdìmú, nítorí pé iṣẹ́ méjì tí ó ń ṣe náà nìyẹn. Yóò gba fóltì tí ó bá bá lẹ́nu ọ̀nà, yóò sì dì í mú títí a ó fi ráyè kà á. Bí a bá ní méjì, tí a pàṣẹ fún àwọn méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, a lè wá fi míítà kan ṣoṣo ka èkínní, kí a fara balẹ̀ ka èkejì. Áísì tí mo lò ń jẹ́ LF398, iṣẹ́ ọwọ́ ilé-iṣẹ́ National Semiconductor ti Amẹ́ríkà, èyí tí Texas Instruments rà ní 2011. Ẹsẹ̀ mẹ́jọ ni áísì náà ní. Ẹsẹ̀ 3 ni fóltì ń gbà wọlé. Ẹsẹ̀ 8 ni a ń gbà pàṣẹ fún un pé kí ó ṣílẹ̀kùn tàbí kí ó tì í. Ẹsẹ̀ 6 ni a so kàpásítọ̀ mọ́. Òun ni àká. Ẹsẹ̀ 5 ni a ti ń ka ohun tí ó wà nínú àká náà láìfọwọ́ kan àká fúnra rẹ̀.

Kàpásítọ̀ kì í ṣe ohun abàmì. Awẹ́ irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ méjì ni, tí a fi ohun tí iná kì í gbà kọjá sáàárín wọn. Bí a bá da iná sí i tí a sì ti ilẹ̀kùn, ó yẹ kí iná náà wà níbẹ̀.

Mo fi fóltì 4.000 sí i. Mo ti ilẹ̀kùn. Mo ka ìṣẹ́jú kan gbáko. Míítà ní 3.893. Mílífóltì 107 ti lọ, kò sì sí ẹni tí ó rí i nígbà tí ó ń lọ. Ẹ lè ní kí ni ìyẹn nínú fóltì mẹ́rin. Ó lé díẹ̀ ní ìdá méjì àbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún, bẹ́ẹ̀ ni ìwọ̀n tí iṣẹ́ mi ń wá kò gbọdọ̀ yẹ̀ ju ààbọ̀ ìdá kan lọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le wá nìyí. Bàbá Kékeré, àbúrò bàbá mi, ni ó bá mi jó gbogbo rẹ̀ mọ́ pánẹ́ẹ̀lì. Ìkirè ni ilé wa, ṣùgbọ́n Apòmù ni ṣọ́ọ̀bù Bàbá Kékeré wà, kò sì sí ìrìn láàárín ìlú méjèèjì. Ìbàdàn ni ó ti kọ́ṣẹ́ rédíò kí wọ́n tó bí mi. Ọ̀gá kan ní yàrá àyẹ̀wò wa yí pánẹ́ẹ̀lì náà dojú dé, ó rí oje pupa rúsúrúsú tí lẹ́ẹ̀dì fi sílẹ̀ káàkiri, ó sì bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Iṣẹ́ ẹ̀bá títì nìyí. Ẹ tú u ká, kí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ṣe tún un ṣe." Ojú àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ni ó ti sọ ọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ni ó kù kí a kó iṣẹ́ sílẹ̀. N kò bá a jiyàn. Mo di ẹrù mi lọ́jọ́ Jímọ̀, mo wọ ọkọ̀.

Bí ọkọ̀ bá ń gba ojú ọ̀nà àtijọ́ tí ó ti Ìbàdàn lọ sí Ifẹ̀, kò sí bí ẹ ó ṣe kọjá Ìkirè tí wọn kò ní nawọ́ dòdò Ìkirè sí yín lójú fèrèsé, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ó ti pọ́n kọjá pípọ́n, tí wọ́n fi ata sí, tí wọ́n dín títí ó fi dúdú. Mo ra ti Bàbá Kékeré dání. Nígbà tí ó jẹ ẹ́ tán ni ó bi mí pé kí ni mo gbé ẹ̀rọ padà wá ṣe. Mo sọ ohun tí míítà wí. Ó bi mí pé kí ni àwọn ọ̀gá mi wí. Mo sọ ìyẹn náà, nítorí pé ojú mi ni ó ń wò.

Kò bínú. Ó fi gíláàsì rẹ̀ sójú, ó yí pánẹ́ẹ̀lì náà síwá sẹ́yìn.

"Ó lè jẹ́ òótọ́ ni wọ́n sọ," ó ní. "Oje náà pọ̀. Ṣùgbọ́n èló ni tèmi nínú rẹ̀?"

Mo ní, "Ẹ kò wí nǹkan kan, Bàbá?"

"Mo ní èló ni tèmi nínú 107. Bí gbogbo rẹ̀ bá jẹ́ tèmi, n ó gbà á. Bí ó bá sì jẹ́ ẹyọ kan, ẹyọ kan náà ni n ó gbà."

Ẹ rántí pé Apòmù ni a wà. Ọjà Apòmù yìí kan náà ni ogun Òwu ti bẹ̀rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Nínú ìwé ìtàn tí Samuel Johnson kọ, èyí tí ó jáde ní 1921, àríyànjiyàn lórí ataare láàárín Ìjẹ̀bú àti Òwu ni ó dá ìjà sílẹ̀ nínú ọjà náà: wọ́n ní iye rẹ̀ kò pé. Ataare! Ìlú Òwu tú lẹ́yìn náà. Mo ti gbọ́ ìtàn náà láti kékeré, n kò sì mọ̀ pé n ó rí ẹni tí yóò jókòó ní Apòmù láti ka ohun tí kò pé lẹ́yọ lẹ́yọ kí ó tó sọ pé ta ló jẹ̀bi.

A kò dúró de iná ìjọba. Bàtìrì fóltì 12 méjì ni a so pọ̀, èkínní fún òkè, èkejì fún ìsàlẹ̀. Iná bàtìrì kì í gbọ̀n. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí Bàbá Kékeré bi mí ni pé ibo ni mo ń fi ẹnu míítà sí. Ìbéèrè àgbà ni. Míítà tí a ń lò, mẹgaómù mẹ́wàá ni inú rẹ̀, kàpásítọ̀ sì jẹ́ máíkrófárádì kan. Bí a bá fi ẹnu míítà kan ẹsẹ̀ 6 fúnra rẹ̀, láàárín ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá péré, fóltì mẹ́rin yóò ti bọ́ sí nǹkan bí fóltì kan àbọ̀, míítà ni yóò sì mu ún. Ẹsẹ̀ 5 ni mo ti ń kà á. A yọ míítà kúrò nínú àwọn tí a fura sí.

Èkejì ni áísì. Áísì kankan kò pa ilẹ̀kùn rẹ̀ dé pátápátá. Ohun kíún kan ń jò gba inú rẹ̀, ní ìwọ̀n tí a ń fi píkóámpù kà. Báwo ni a ó ṣe yà á sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn yòókù? A fi òdo sí i. A jẹ́ kí kàpásítọ̀ wà ní òdo fún ìṣẹ́jú márùn-ún, a ti ilẹ̀kùn, a ń wò ó. Bí kò bá sí fóltì nínú àká, kò sí ohun tí yóò gba ara ẹ̀gbin tàbí ara kàpásítọ̀ jò lọ. Ohun yòówù tí ó bá sún, áísì ni ó sún un. Ìṣẹ́jú kan pé, míítà ní mílífóltì 3. Bàbá Kékeré fa ilẹ̀ páálí kan ya, ó fi bírò kọ ọ́ sí i: *Áísì, 3.*

Ẹ̀kẹta ni oje tirẹ̀. Kò jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án. Ó kọ́kọ́ tún fi fóltì mẹ́rin sí i, ó ti ilẹ̀kùn, ó wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó hu èémí ẹnu rẹ̀ sí ara pánẹ́ẹ̀lì náà, *hàáà*, bí ẹni tí ń nu dígí. Nọ́ḿbà inú míítà sáré bọ́ sílẹ̀ lójú wa. N kò mọ ohun tí n bá sọ. Oje lẹ́ẹ̀dì, oje igi ni; ó máa ń mú eruku, eruku a sì máa fa ọ̀rinrin mọ́ra, pàápàá lásìkò òjò, pàápàá jù lọ ní ṣọ́ọ̀bù tí èéfín dòdò ń fẹ́ wọ̀ láràárọ̀. Ó mú sípíríìtì àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín, ó fọ pánẹ́ẹ̀lì náà lẹ́ẹ̀mẹta. A sá a sóòrùn títí ọjọ́ fi rọ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì a tún un wọ̀n: 3.902. Ohun tí ó ti ń lọ ní 107 wá di 98.

"Mẹ́sàn-án ni tèmi," ó ní. Ó kọ ọ́ sí páálí. *Oje, 9.* Bí ó ṣe kọ ọ́ kò yàtọ̀ sí bí ó ṣe kọ ti áísì.

Ó kù 95 tí kò ní olówó. Mo fi ìwé sílẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ohun tí míítà ń wí ní ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún márùn-ún. Ohun kan hàn. Áísì tí ń jò, bákan náà ni yóò máa jò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bí omi ẹ̀rọ tí kò tì dáadáa. Eléyìí kò rí bẹ́ẹ̀. Kí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá tó pé, ó ti ju ìdajì ohun tí yóò lọ. Lẹ́yìn náà ni ó wá ń fà bí ìgbín. Mo fi ìwé náà han Bàbá Kékeré. Ó wò ó pẹ́.

"Ṣé o rántí ojú tẹlifíṣọ̀n ayé àtijọ́?" ó ní. "Èyí tí ó ní ikùn lẹ́yìn?"

Mo ní mo rántí.

"Bí o bá fẹ́ tú u, wàá kọ́kọ́ fi wáyà yọ iná ojú rẹ̀. Yóò dún pá. Iná ti tán nìyẹn. Bí o bá lọ jẹun tí o padà dé, tí o wá fi ọwọ́ kàn án, yóò tún gbá ọ. Ta ló fi iná sí i? Kò sí ẹni tí ó fi iná sí i. Gíláàsì rẹ̀ ni ó ti mu iná yó, tí ó wá ń pọ̀ ọ́ jáde."

Ó nawọ́ sí àmù tí ó wà ní kọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù. "Àmù tuntun ni. Pọn omi kún un dé ẹnu, padà wá wò ó. Omi á ti fà, kò sì sí ihò níbẹ̀. Èyí tí ó sì ti mu omi yó ńkọ́? Da omi inú rẹ̀ nù, nu inú rẹ̀ gbẹ, fi í sílẹ̀. Bí ó bá yá, wàá tún bá omi nísàlẹ̀ rẹ̀."

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹni tí kò kà ju ìwé mẹ́fà lọ ni ó ń sọ̀rọ̀ yìí. Ohun tí ó ń wí, àwọn onímọ̀ ti mọ̀ ọ́n láti ayé ìgò Leiden, ìgò tí wọ́n fi ń tọ́jú iná ní ilẹ̀ Netherlands láti 1746, èyí tí ó máa ń tún ta iná lẹ́ẹ̀kejì lẹ́yìn tí a bá ti yọ ti inú rẹ̀. Ní 1982, Bob Pease, ọ̀kan nínú àwọn àgbà oníṣẹ́ ní National Semiconductor, kọ àpilẹ̀kọ kan tí ó gbajúmọ̀ lórí rẹ̀, soakage ni ó sì pè é, èyí tí kò jìnnà sí *mímu* tí Bàbá Kékeré pè é. Ìwé ẹ̀kọ́ mi pè é ní dielectric absorption. Mo ti kọ́ ọ kọjá nínú kíláàsì, mo mọ ìtumọ̀ rẹ̀ lórí. Ojú àmù ni mo ti rí i.

Ó mú mi rántí ọ̀rọ̀ tí a máa ń sọ nínú ẹgbẹ́ yìí. Láti 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ètò tí wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Yorùbá fún odindi ọdún mẹ́fà ní Ilé-Ifẹ̀, sáyẹ́ǹsì pẹ̀lú. Ní 1984 ni Ìwé Èdè Ìperí Yorùbá jáde, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀, ó sì fún wa ní orúkọ fún ọ̀pọ̀ ohun tí a ń kọ́ nípa èdè àti lítíréṣọ̀. Tèmi ni pé nígbà tí a bá fẹ́ wá orúkọ fún ohun inú ẹ̀rọ, kí a máa yà ní ṣọ́ọ̀bù kí a tó wọ yàrá ìpàdé. *Mímu* ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ó kù kí a fi ìdánwò ti ọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn. Bí ó bá jẹ́ pé ńṣe ni iná ń jò, ìsàlẹ̀ nìkan ni yóò máa lọ, ohun yòówù tí kàpásítọ̀ ìbáà ti mu tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ mímu, kàpásítọ̀ tí a ti fi fóltì mẹ́jọ rẹ yóò gbìyànjú láti pọ̀ ọ́ padà. A fi fóltì 8 sí i fún ìṣẹ́jú márùn-ún, a yára sọ ọ́ di 4.000, a ti ilẹ̀kùn. Mo ń wo míítà. 4.001. 4.020. 4.046. Ó ń gòkè! Nígbà tí ìṣẹ́jú kan pé, 4.078 ni. Mo ké tó bẹ́ẹ̀ tí ìyá tí ń dín dòdò lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa fi yọjú wò wá bóyá iná ló gbé ẹnì kan.

Ìṣirò tó kù kò le. Láti òdo, ó sọ̀kalẹ̀ ní 98. Láti mẹ́jọ, ó gòkè ní 78. Mímu ń fà á sísàlẹ̀ nígbà àkọ́kọ́, ó sì ń fà á sókè nígbà kejì. Jíjò ń fà á sísàlẹ̀ nígbà méjèèjì. Nítorí náà mímu jẹ́ 88, jíjò jẹ́ 10. A ti mọ̀ pé áísì ni ó ni 3 nínú jíjò náà, ara kàpásítọ̀ fúnra rẹ̀ ni ó ni 7 tó kù. Páálí Bàbá Kékeré wá kà báyìí: áísì 3, oje 9, jíjò kàpásítọ̀ 7, mímu kàpásítọ̀ 88. Ẹ ro ó pọ̀. Ó pé.

Kàpásítọ̀ tí wọ́n tà fún mi jẹ́ seramíkì, irú kékeré tí ó lè gba iná púpọ̀ sínú àyè tóóró. Ìdí tí ó fi lè ṣe bẹ́ẹ̀ ni bárííọ̀mù títánéètì tí wọ́n sun bí ìkòkò. Èyí náà ni ó sì ń mu iná. Ó dára fún ọ̀pọ̀ iṣẹ́. Kò dára fún àká. Èyí tí ìwé áísì náà dámọ̀ràn ni polystyrene, Teflon tàbí polypropylene, ọ̀rá kan náà tí wọ́n fi ń hun àpò ìrẹsì. Ohun tí polypropylene ń mu kì í sábà ju ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún lọ. Mo ti wá a káàkiri, n kò rí i rà.

Bàbá Kékeré kò jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀. Ó gun àpótí, ó fa pánẹ́ẹ̀lì tẹlifíṣọ̀n aláwọ̀ méjì sílẹ̀ láti orí pẹpẹ, àwọn ológbòó tí olówó wọn kò padà wá gbà mọ́ láti ìgbà tí tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ ti gbòde. Lẹ́bàá ibi tí wọ́n ti ń fa àwòrán fẹ̀ sọ́tùn-ún sósì ni ó ti rí ohun tí ó ń wá: kàpásítọ̀ onípolypropylene, 0.47 lára èyí, 0.47 lára ìyẹn. Tẹlifíṣọ̀n kò lè lo irú mìíràn níbẹ̀ láìgbóná. Ó ti jó wọn kúrò kí n tó sọ̀kalẹ̀ lọ bá a. A so wọ́n pọ̀ di 0.94. Mo fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ ṣe òrùka yí ẹsẹ̀ 6 ká, mo so òrùka náà mọ́ ẹsẹ̀ 5, kí fóltì aládùúgbò bá ti onílé dọ́gba. Níbi tí fóltì bá ti dọ́gba, kò sí ohun tí yóò rìn láàárín wọn. Bàbá Kékeré hu èémí sí i bíi ti àkọ́kọ́. Nọ́ḿbà fẹ́rẹ̀ẹ́ má mira.

A fi 4.000 sí i. Ìṣẹ́jú kan pé: 3.995.

Ọ̀sán gangan ni ó tún fẹ́ dójú tì wá, tí ó bọ́ sí 3.990. Ooru ni, ohun tí ń jò nínú áísì a máa di ìlọ́po méjì ní gbogbo ìgbà tí ooru bá fi nǹkan bí ìwọ̀n mẹ́wàá lórí òṣùwọ̀n Sẹ́ńṣíọ́ọ̀sì lé sí i. Mo gbé gbogbo rẹ̀ sínú kùláà àlòkù kan, láìsí yìnyín nínú rẹ̀, mo gbé e sábẹ́ òjìji. Ó tó fún ohun tí mo ń wá.

Nígbà tí mo padà, mo mú páálí náà lọ bá ọ̀gá tí ó rẹ́rìn-ín. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó bi mí pé ta ló kọ 9 yẹn. Mo ní ẹni tí ó ni ín ni ó kọ ọ́. Ó ní kí n lẹ páálí náà mọ́ ẹ̀yìn ìwé iṣẹ́ mi bí ó ṣe wà, kí n má ṣe tún un tẹ̀. Ó tún bi mí bóyá irú kàpásítọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣì wà ní Apòmù, nítorí pé òun nílò mẹ́rin.

Bàbá Kékeré ti kó o ránṣẹ́. Láti ìgbà náà, kò sí ohun tí ó jó lẹ́ẹ̀dì sí tí kì í fọ̀, ìbáà ṣe tọ́ọ̀ṣì lásán. Ìyá tí ń dín dòdò ní òórùn sípíríìtì ti ń wọ inú ọ̀gẹ̀dẹ̀ òun.